Ọ̀rá Fẹ́lẹ́ Létí Òkun Harlingen

Ọdún tí bàbá mi rà wọ́n, mi ò tíì ga tó wọn.
Méjì ni wọ́n, pẹlẹbẹ bí ilẹ̀kùn tí kò rílé gbé,
ẹsẹ̀ igi kéékèèké mẹ́ta ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró.
Ìyá mi wò wọ́n títí, ó ní, "Hẹn, Gurbe,
ṣé ẹ̀rọ amúlégbóná lo wá fi owó màlúù mẹ́rin rà?"
Bàbá mi ò fèsì. Ó kì wọ́n bọ iná,
ó ní ká jókòó, ká má sọ̀rọ̀,
nítorí wọ́n ní láti kọ́kọ́ mu iná yó
kí wọ́n tó la ẹnu.

Ohun tó wà nínú wọn kò ju ọ̀rá kan lọ,
ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ débi pé aṣọ òtútù ni awọ àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà fóòtì ń ṣọ́ ọ láàárín irin oníhò méjì,
kò gbọdọ̀ kan ti iwájú, kò gbọdọ̀ kan tẹ̀yìn.
Bó bá kàn án, pàrà!
iná búlúù á fò, òórùn rẹ̀ á dà bí ìgbà tí àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán tán,
ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ á sì jókòó síbẹ̀ títí ayé.

Gbogbo àdúgbò ló sọ pé kò ní pẹ́.
Minne, tó ń ta bọ́tà lódìkejì ọ̀nà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́:
"Afẹ́fẹ́ iyọ̀ tó ń jẹ ìṣó ọkọ̀ ojú omi,
ṣé ọ̀rá ni yóò fojú fò?"
Òun ra sípíkà oníkóònù, dúdú, ńlá gìrìwò,
ó ń dún gbì-gbì-gbì dé orí ògiri òkun.
Nígbà tó di ọdún kẹtàlá, fóòmù etí rẹ̀ rà,
ó ń já lulẹ̀ bí ẹ̀rún búrẹ́dì.
Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣẹ̀sín. Tiwa náà kú.
Òsì kú lọ́dún tí yìnyín dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin.
Ọ̀tún tẹ̀lé e. Òsì tún kú.
Mi ò rántí iye ìgbà mọ́.

Wopke ló ń tún wọn ṣe, ní Franeker, lẹ́yìn ilé adìẹ rẹ̀.
Ó ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n
àfi bó bá ń na ọ̀rá.
Á gbé wọn kalẹ̀, á fi imú sí wọn,
á bi mí bí ẹni ń bi abiyamọ léèrè:
"Ṣé ò ń nu eruku? Ṣé o ṣí fèrèsé nígbà ìkùukùu?
Ta ló yí i sókè?"
Kì í ṣe iná ló ń pa wọ́n, ó ní,
ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.
Eruku ni. Ọ̀rinrin ni. Àtè tó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni.
Àti ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún
tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé.
(Àbúrò mi Eabe ló ń wò. Kò rẹ́rìn-ín.)

Kò ṣèlérí fún mi rí.
"Ogún ọdún, bóyá. Ọdún méjì, bóyá.
Bó o bá ń fẹ́ ohun tí kì í bàjẹ́, lọ ra òkúta."
Ó wá kọ owó rẹ̀ sẹ́yìn àpò oúnjẹ adìẹ,
owó náà sì dùn mí.

Lánàá mo gbé wọn délé, mo kì wọ́n bọ iná, mo dúró.
Mo fi téèpù àtijọ́ sí i, èyí tí bàbá mi gbà sílẹ̀
nígbà tó ṣì wà ní èbúté, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú:
ìyá mi ń ka àkókò ìkún omi fún un láti inú ìwé.
Nínú fóònù ọmọ mi, bí ẹni wà nínú agolo ló rí.
Ṣùgbọ́n lára ọ̀rá Wopke
mo gbọ́ bó ṣe lá ìka kó tó ṣí ewé,
mo gbọ́ àga tó ké lábẹ́ rẹ̀,
mo gbọ́ èémí tó fà kó tó sọ pé,
"Ọjọ́bọ̀. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, omi á kún."

Òsì ń ta díẹ̀díẹ̀: tà... tà...
Mo mọ ohun tí ìyẹn ń sọ.
Mo dìde, mo pa fèrèsé dé.